Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí?

Tíṣà Òkè-Àdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé orúkọ bòńkẹ́lẹ́ ni mo fi wọlé. Ẹni ọdún 43 ni mí, tíṣà ni mí n'Íbàdàn, mo níyàwó, mo bímọ mẹ́ta. Mo fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Mo ti jáwọ́ tó ìgbà mẹ́fà. Èyí tó pẹ́ jù nínú ẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni. Ọjọ́ kejìlá bọ́ sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Bíà kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ọtí ọ̀rá ni. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń ra méjì lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta súìtì àti sìgá lẹ́bàá títì. Màá fi eyín ya etí ẹ̀, màá dà á sẹ́nu, màá fi súìtì tó ń ta lẹ́nu tẹ̀ lé e. Kí agogo ọ̀sán tó lù, ó ti di márùn-ún. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rò pé mo kàn fẹ́ràn súìtì ni.

Mo gbọ́ pé àwọn tó ti mutí rí ní ìpàdé kan tí wọ́n ń ṣe, AA (Alcoholics Anonymous) ni wọ́n ń pè é. Nínú fíìmù ni mo ti rí i: wọ́n á jókòó yípo, ẹnì kan á ní ọ̀mùtí lòun. Ṣé ó wà ní Nàìjíríà? Ṣé ó wà nítòsí mi? Èló ni wọ́n ń gbà? Tí mo bá sì débẹ̀ tí mo bá òbí ọmọ kíláàsì mi ńkọ́? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Mẹkáníìkì Mushin

Bọ̀dá Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì rèé tí ọtí ti kàn mí lẹ́nu kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn ìbéèrè yín.

Tí ẹ bá bá òbí ọmọ kíláàsì yín níbẹ̀, kí lòun náà wá ṣe? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, ta ni mo bá lórí àga? Kọ́sítọ́mà mi ni, bàbá ńlá kan tí mo ti ń bá tún Camry ẹ̀ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. A wo ara wa bí ológbò méjì tó pàdé nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ti fẹ́ yí padà, ló bá fọwọ́ gbá àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ́pẹ́ pé kí n wá jókòó. Títí dòní, tó bá gbé mọ́tò wá, plọ́ọ̀gì àti bíréèkì la máa ń sọ lójú àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa fi í sí. Orúkọ kan péré ni wọ́n ń dá, tó bá sì wù yín kí ẹ pe ara yín ní Làmídì, Làmídì ni gbogbo ilé á máa pè yín. Kò sí régísítà, kò sí fọ́ọ̀mù.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tàbí fìlà kan yípo fún owó yàrá àti owó tíì, ẹni tó bá wù á fi nǹkan sí i. Wọn kì í retí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tuntun. Wọn kì í gba owó ìjọba, wọn kì í gba ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í gba ti olóṣèlú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí èèyàn fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. Kó fẹ́ ni mo wí o. Mi ò wí pé kó ti fi sílẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa wá a rèé. Áàpù kan ń jẹ́ Meeting Guide, AA fúnra wọn ló ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán àga ló wà lójú ẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ìlú sí i, á kó ìpàdé tó bá sún mọ́ yín jáde, tojúkojú àti ti orí fóònù. Ìpàdé wà l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ohun tí fóònù wí kẹ́ ẹ gbéra o. Ìpàdé máa ń ṣípò. Mo ti wọ dánfó méjì àti ọ̀kadà kan lọ síbì kan rí, kí n débẹ̀, àwọn akọrin tó ń dánra wò ni mo bá, wọ́n tiẹ̀ rò pé mo wá kún àwọn tó ń kọ bass. Ẹ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó bá wà lábẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má wá pátákó. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, tàbí kíláàsì kan. Ẹ bi géètìmáànù pé ibo ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé AA. Àwọn míì rò pé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀dá Tíṣà, tí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ ò tíì mu nǹkan kan, ṣé ọwọ́ yín máa ń gbọ̀n?

Tíṣà Òkè-Àdó

Ó ń gbọ̀n, mà. Mi ò lè kọ déètì sójú bọ́ọ̀dù kí n tó mu ti àárọ̀. Mọ́nítọ̀ kíláàsì ló ń bá mi kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní

Ọsibítù lẹ máa kọ́kọ́ lọ nìyẹn, kẹ́ ẹ tó lọ sí ìpàdé kankan. Ẹ má sì dá jáwọ́ nílé lójijì.

Ara tí ọtí ti mọ́ lójoojúmọ́, tí ẹ bá já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á bínú. Láàárín wákàtí 6 sí 24, gbígbọ̀n àti òógùn á bẹ̀rẹ̀, oorun á dá. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wárápá lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀, kódà ẹni tí kò ṣe é rí. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀: kòkòrò lára ògiri, òkú ọ̀run tó ń pè wọ́n. Ibi tí ẹbí ti máa ń pariwo pé ayé ti ṣe é nìyẹn. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù wa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti fi okùn so ó mọ́ òpó nílé àdúrà kan. Àpá okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ nígbà tó kú. Ọtí tí kò rí mu ló pa á, ohun tí dókítà ì bá sì ti fi ọjọ́ márùn-ún bójú tó ni.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má dín iye tí ẹ ń mu kù. Tó bá jẹ́ ọ̀rá mẹ́jọ, ẹ pè é ní mẹ́jọ. Wọ́n á fún yín ní oògùn tó ń rọ ara, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi fítámì B1 kún un torí ọtí máa ń gbá a tán lára, ọpọlọ kò sì lè ṣe láìsí i. Ẹ má lọ ra oògùn oorun fúnra yín ní kẹ́míìsì. Tí òun àti ọtí bá pàdé nínú, èèyàn lè sùn kó má jí.

N'Íbàdàn, UCH ní àwọn dókítà ọpọlọ. L'Ékòó, ọsibítù ìjọba àpapọ̀ wà ní Yaba. L'Ábẹ́òkúta, Àrò wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó wà fún ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró. Mo mọ̀ pé bí èèyàn bá dárúkọ Àrò báyìí, ẹ̀rín ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ lé yín sá. Ní 1954, Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí gbogbo ayé wá wò: inú àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí kan á tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n á máa bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbé, wọ́n á wá gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sílé. Èèyàn láàárín èèyàn. Ìpàdé tí ẹ ń wá kiri yìí, ó jọ ọ́ lójú mi.

Ìránṣẹ́ Olúwa 77

Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọtí ló ń bá arákùnrin wa jà. Ogun ìdílé ni. Ṣé bàbá ẹ̀ náà mu ún? Ààwẹ̀ ọjọ́ méje pẹ̀lú ìdáǹdè, ó parí. Kí ni ọmọ Ọlọ́run ń fi ẹnu ara ẹ̀ pe ara ẹ̀ ní ọ̀mùtí fún?

Tíṣà Òkè-Àdó

Bàbá mi mu ún, sà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà mu ún. Mo ti ṣe ìdáǹdè lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ mọ́kànlá tí mo sọ lókè yẹn, ẹ̀yìn èkejì ni.

Bàbá Houston

Ìránṣẹ́ Olúwa, èmi náà ń gbàdúrà láràárọ̀, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ẹ̀mí ló gbé èmi dé ìpàdé. Adájọ́ ni.

Ní Texas, tí wọ́n bá mú ẹ pé o mutí wakọ̀, 0.08 ni ààlà ìwọ̀n ọtí nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kà lẹ́nu mi ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Kóòtù fún mi ní bébà kan: ìpàdé méjì lọ́sẹ̀, kí alága buwọ́ lù ú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó sídìí ilẹ̀kùn, tí mò ń wo aago. Lọ́jọ́ tí bébà kún, mo jáde síta, mo dúró nínú páàkì, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi fẹ́ lọ. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún wà níbẹ̀, láìsí bébà. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún.

Wákàtí kan ni ìpàdé sábà máa ń gbà, tó pẹ́ tán, wákàtí kan àbọ̀. Alága á kí yín, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tó sọ ohun tí AA jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́. Ẹnì kan á sọ ìtàn ara ẹ̀, bó ṣe rí nígbà tó ń mu, ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe wà báyìí. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á máa yí lọ. Tí kò bá wù yín láti sọ̀rọ̀, ẹ ní ẹ wá gbọ́ ni. Wọn ò ní tẹ̀ yín nínú. Ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹnìkejì, ẹnikẹ́ni kì í sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn nígbà tí ìpàdé bá ń lọ. Èyí le fún àwa Yorùbá gan-an. Àwa ha lè gbọ́ ìṣòro ẹni kí a má sọ òwe sí i? Ó tó ọdún kan kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́.

Lórí áàpù ẹ máa rí "open" àti "closed". Èyí àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni lè bá yín wọbẹ̀, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Èkejì, ẹni tí ọtí ń dà láàmú tó fẹ́ jáwọ́ nìkan ló wà fún. Ẹ̀yin lè lọ sí méjèèjì.

Ohun tó níyì jù nínú ìpàdé, ẹ̀yìn ìpàdé ló wà, nígbà tí wọ́n bá ń kó àga jọ. Ẹ má sáré lọ. Ẹ bá wọn kó o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fún yín ní nọ́ńbà, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí sponsor, ìyẹn ẹni tó ti ṣáájú yín lójú ọ̀nà tó máa mú yín gba ìgbésẹ̀ méjìlá tí AA fi ń jáwọ́ nínú ọtí kọjá. Kí ọkùnrin mú ọkùnrin, kí obìnrin mú obìnrin. Ẹ má mú ẹni tí ẹ fẹ́ yá lówó. Mo rí ibi tí ìyẹn já sí.

Àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí Ìránṣẹ́ Olúwa mú wá. Àwọn tó kọ ìgbésẹ̀ náà kọ ọ́ pé Ọlọ́run "bí a ṣe mọ̀ ọ́n". Ẹni tó ń jókòó lápá òsì mi, ọmọ lèmọ́mù ni. Ẹni tó wà lápá ọ̀tún ní òun ò gba Ọlọ́run kankan gbọ́, pé àwa tí a jókòó yìí lágbára ju òun lọ, ó tó òun. Ó ti pé ogún ọdún tó ti mu ún kẹ́yìn.

Ẹni tó bá ń ṣàròyé pé kò sí ìpàdé nítòsí òun, kó gbọ́ èyí. Ní May 1935, Bill Wilson, ará New York, wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Akron, Ohio. Òwò tó bá wá ti fọ́, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ojú ẹ̀ dá, ó sì ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń mu ní báà òtẹ́ẹ̀lì. Kàkà kó wọbẹ̀, ìdí fóònù ló lọ, ó ń pe àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, ó ń wá ọ̀mùtí bíi tiẹ̀ tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n darí ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ kan tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bíi tiyín, Tíṣà. Dókítà ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lòun lè fún un. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò. Ọjọ́ 10 June ọdún yẹn, tí Dókítà mu ún kẹ́yìn, ni AA ń ka ọjọ́ ìbí ẹ̀ sí. Ẹni méjì ni wọ́n. Títí dòní, ọ̀mùtí méjì tó bá jókòó torí àtimáa wà láìmu ún lè pe ara wọn ní ẹgbẹ́ AA, kò dìgbà tí wọ́n bá gbàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀ní

Ẹnì kan bi mí ní kọ̀rọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ní 2020, àwọn Cochrane tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn kó ìwádìí 27 jọ, èèyàn 10,565 ló wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ká má mu ún rárá là ń wá, AA àti ìtọ́jú tó ń tini sínú ẹ̀ kò kéré sí àwọn ìtọ́jú tó kù, ó tún ń ta àwọn kan yọ. Kò bá gbogbo èèyàn lára mu ṣá. Ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ SMART Recovery wà láti 1994, wọn ò fi ìgbésẹ̀ méjìlá ṣe tiwọn, wọ́n ní ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oògùn bíi naltrexone àti acamprosate náà wà tí dókítà lè kọ. Èèyàn lè máa lo oògùn kó sì máa lọ sípàdé.

Ìyá Ìbejì Peckham

Bọ̀dá Tíṣà, ẹ gbé fóònù fún ìyàwó yín kó ka tèmi.

Ọkọ mi ló ń mu. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ọlọ́pàá. Mo ń fi bírò fa ìlà sára ìgò, mo ń dà á sí síǹkì, mo ń bu omi lù ú. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ń bu gàrí, ọwọ́ mi bá kan nǹkan tútù nísàlẹ̀ àpò. Ìgò ni. Ó rì í mọ́ inú gàrí! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì, gàrí wà ní irun mi, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Ọjọ́ kejì ni mo wá Al-Anon lọ. Ti àwọn ẹbí ọ̀mùtí nìyẹn o. Lois, ìyàwó Bill tí Bàbá Houston sọ̀rọ̀ ẹ̀, wà lára àwọn obìnrin tó dá a sílẹ̀ ní 1951. Ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ ni pé èmi kọ́ ló fà á, mi ò lè darí ẹ̀, mi ò sì lè wò ó sàn. Mo fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Kò jáwọ́ kíá. Oṣù méje ni mo ti ń lọ kó tó bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, ibo lo máa ń lọ ní Tọ́sìdeè gan-an?"

Lọ́ndọ̀nù, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í ṣe ìpàdé, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹni tó bá wà ní Bìrìtéènì lè pe AA lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0800 9177 650. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ lè bá wa wọ ti orí Zoom. Láti òpin March dé òpin October, aago wa àti tiyín dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tí aago méje bá lù níbí, mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ yín. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ yí orúkọ tó wà lórí Zoom padà. Tíṣà kan (kì í ṣe ẹ̀yin) wọlé pẹ̀lú orúkọ àti sọ̀nèmù, ó tún gbé lógò ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ sójú. Ẹ pa kámẹ́rà, kò ní jẹ dátà púpọ̀. Ẹ fi ìyápíìsì sétí, torí ògiri ilé wa kì í nípọn.

Ọ̀rọ̀ òde. Òde ló ń dá èèyàn padà ju ìbànújẹ́ lọ. Bí ọkọ mi bá débẹ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á ti gbé ife máltì dání. Ọwọ́ tó bá di ife mú, wọn kì í gbé ọtí lé e. Tí wọ́n bá ń fi ọtí ṣàdúrà nídìí ìdána, á gbà á, á ṣe àmín, á gbé e fún ẹni tó kàn. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ọ̀fun wò. Tí wọ́n bá ní kó ta sílẹ̀ fún àwọn bàbá ńlá, omi tútù ló ń lò. Omi tútù ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí ọtí òyìnbó tó dé. Àwa kì í sì í dúró dìgbà tí onílù bá ń pe orúkọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ìbéèrè kékeré. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Ṣé òun náà wà lára ọtí?

Mẹkáníìkì Mushin

Ti olómi ni tàbí ti ọlọ́tí?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ti ọlọ́tí. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Fún ẹ̀yìn dídùn ni.

Mẹkáníìkì Mushin

Àbúrò, ọdún méjì ni ẹ̀yìn fi dun èmi náà. Ìsọ̀ paraga ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀. Bítà, àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, wáìnì ìdàpọ̀ mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, oògùn ikọ́ tí wọ́n kọ alcohol sí lára: ẹ máa ka ara ìgò, ẹ sì máa béèrè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo sọ fún àlùfáà, búrẹ́dì nìkan ni mò ń gbà. Ìyá alágbo náà máa ṣe ti olómi fún yín tí ẹ bá ní kó ṣe é.

Ẹ má sì dúró de NAFDAC. Ní February 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí ọ̀rá, kò pẹ́ tí wọ́n tún sún un síwájú di December 2025. Èmi ò lè so ẹ̀mí mi mọ́ ìwé ìjọba.

Aláìdárúkọ

Obìnrin ni mí. Èmi ni mò ń mu ún, kì í ṣe ọkọ mi. Gbogbo ohun tí mo kà níbí, ọkùnrin, ọkùnrin. Ṣé àyè wà fún irú wa?

Ìyá Ìbejì Peckham

Ó wà, àbúrò mi. Ìpàdé tó jẹ́ ti obìnrin nìkan wà, pàápàá lórí Zoom. Kọ "women" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lórí áàpù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ ní kọ̀rọ̀. Dá mi lóhùn, ì báà jẹ́ òru.

Tíṣà Òkè-Àdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Mo lọ sí ọsibítù. Mo pe mẹ́jọ ní mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n dá mi dúró. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mọ́nítọ̀, mo kọ déètì fúnra mi. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ọmọ náà ní, "Sà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mo wọ ìpàdé orí Zoom ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Làmídì ni mo pe ara mi. Obìnrin kan ń sọ bó ṣe máa ń fi ọtí pamọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi tí mo rò pé ìtìjú ni màá lọ gbé. Nígbà tó kàn mí, mo ní mo wá gbọ́ ni. Wọ́n ní káàbọ̀, wọ́n kọjá.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, mo ṣubú. Ọ̀rá méjì. Ìyá onísúìtì ti nà án sí mi kí n tó lanu, ọwọ́ mi sì gbà á. Mo ṣe é mọ́ra fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì Mushin

Ta lẹ sọ fún?

Tíṣà Òkè-Àdó

Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ àgbo. Ó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé Ìbàdàn lòun náà wà, pé ẹ̀yìn kọ́ ló ń dun òun. Mo wá gba ọ̀nà ibòmíràn lọ sí iléèwé báyìí, ó fi ìṣẹ́jú méjìlá jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Èmi ni o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní jẹ́lé-ó-sinmi kan, ó ní ká máa lo kíláàsì kan ní ọjọ́ Sátidé. A ti jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Áàpù la gbé síwájú, a ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa ń kà, Tíṣà sọ tiẹ̀, mo sọ tèmi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ tán. Lọ́sẹ̀ kejì, mágíríbù ló tú wa ká. Àwòrán A fún Ajá, B fún Bàtà ló wà lára ògiri lókè orí wa.

Bàbá Houston

Ẹni méjì. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì AA kí wọ́n fi yín sórí áàpù, tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀. Ta ló máa ń ṣe tíì?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Kókò la ń mu. Ọ̀sẹ̀ kan èmi, ọ̀sẹ̀ kejì Tíṣà.

Ará Molete

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ kìíní, mi ò sọ nǹkan kan. Ṣé mo lè wá ní Sátidé?

Tíṣà Òkè-Àdó

Aago mẹ́rin. Mo ti fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Àga àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ló wà níbẹ̀ o, orúnkún yín á kan àgbọ̀n. Tí ẹ bá ní ìrọ̀rí, ẹ gbé e dání.